Òróró Onítáyà

Ilé ìjọsìn kan tí ìjọ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́ ní ìlú Llanelli ni Berwyn sọ di jíìmù. Ibi tí àga ìwàásù wà nígbà náà ló to irin sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ò jẹ́ kí aráyé jáde, òun àti Macsen nìkan ló wà níbẹ̀. Macsen yìí, dùùrù ló ń tún ṣe káàkiri ìlú, ọrùn rẹ̀ sì rí tín-ín-rín bíi ti lékeléke.

"Macsen, bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà ọdún tuntun."

"Mo ní kó o gbé irin sí èjìká, kó o bẹ̀rẹ̀! Kí ìdí ẹ sún mọ́ ilẹ̀. Látìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì rí i kó o bẹ̀rẹ̀ rí."

"Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀hún ti sú mi. Abẹ́rẹ́ ni mo mú wá."

Macsen wo ilẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan yọ. Ìgò kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Berwyn gba ìgò náà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Òróró inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Sitẹ́rọ́ìdì rèé, oògùn tó ń wú iṣan?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra pè é."

"Ta ló fẹ́ gbọ́? Ta ló tà á fún ẹ?"

"Ọkùnrin kan lẹ́yìn ilé ọtí."

"Dókítà ni?"

"Rárá o, táyà ló ń tà."

"Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ táyà, kò ní ṣàìmọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ èèyàn. Ibo ló ní ká ti fẹ́ ẹ?"

"Ìdí. Ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn dáadáa. Ìdí tí mo ṣe wá bá yín nìyẹn."

"Ìdí wo? Ti ọ̀rọ̀ àbí tìẹ?"

"Méjèèjì, ẹ̀gbọ́n."

Inú bí Berwyn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí inú bá ń bí i gan-an ni ohùn rẹ̀ máa ń dùn jù.

"Ó dáa, àbúrò mi àtàtà, tú bẹ́líìtì. Àmọ́ jẹ́ kí n ka ire tó wà níbẹ̀ fún ẹ. Àyà ẹ á tóbi."

"Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn!"

"Irú èyí tí wọ́n ń ra kọ́mú fún."

Macsen gbé e yẹ̀ wò. "Apá kan ni, àbí méjèèjì?"

"Tí orí bá ṣe ẹ́ ire, méjèèjì. Ọkàn ẹ náà á tóbi."

"Màmá mi máa ń sọ pé ọkàn mi tóbi."

"Màmá ẹ ń yìn ẹ́ ni. Tó bá jẹ́ dókítà ló sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kó o sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹyin ẹ á sì súnkì."

"Ẹ̀yìn mi?"

"Ẹyin!"

"Ẹ̀yin? Kí ló wá kàn yín níbẹ̀?"

"Kò kàn mí. Ẹyin tìẹ ni mò ń wí!"

"Ìyẹn ò le. Màá máa ra àwọn ńláńlá. Adìẹ ẹni tí mò ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ ló kéré."

Berwyn kàn na ìka sí ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì Macsen. Macsen fi ojú tẹ̀ lé ìka náà títí ó fi débi tó ń lọ, ló bá fi ọwọ́ méjèèjì bo ibẹ̀.

"Onítáyà ò sọ ìyẹn fún mi!"

"Ó gbàgbé ni. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá lò ó ló máa ń rí bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o. Irun orí àwọn mìíràn nìkan ló máa ń re."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́? Àwòrán yín ló wà lára ògiri yẹn. Apá yín tó itan mi. Ṣé irin nìkan ni?"

Ìbéèrè yìí ba Berwyn lójijì. Ó tú bọ́tìnnì rẹ̀ méjì. Àpá gígùn kan là á láyà já.

"Mo lò ó. Àwọn dókítà ló là mí, tí wọ́n tún rán mi pọ̀. Èmi àti Nerys ìyàwó mi, ajá mẹ́ta la bí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débi irin, tó bá jẹun, tó sùn, tó ṣiṣẹ́, iṣan ẹ̀ á wú. Ìwọ ò tíì gbin hóró kan, o ti lọ ra ajílẹ̀, lọ́wọ́ onítáyà! Kí ló ń lé ẹ?"

Macsen wolẹ̀. "Lowri ni. A fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Ọkọ ló sì máa ń fi apá gbé ìyàwó wọlé lọ́jọ́ náà. Mo dán an wò lọ́jọ́ Àìkú."

"Ó wá ṣe báwo?"

"Inú òdòdó aládùúgbò la bára wa."

"Lowri wo? Lowri tó ń gbá rọ́gíbì, tó máa ń wà níwájú pátápátá láàárín àwọn alágbára?"

"Òun náà ni."

"Lowri tó ti ọkọ̀ oníwàrà jáde nínú ẹrẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, òun náà ni!"

Berwyn wá ibi jókòó. Macsen wo àpá àyà Berwyn, ó wo ìgò. Ló bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ da òróró náà sínú síńkì, ó sì jẹ́ kí omi máa dà lé e lórí títí.

"Tó bá wá dọjọ́ náà, tí mi ò lè gbé e ńkọ́?"

"Kó gbé ẹ."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Ọ̀rọ̀ gidi tí mo sọ lónìí nìyẹn. Lọ bá a sọ ọ́."

"Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó lóun á gbé mi wọlé, kò sí wàhálà." Macsen nu imú. "Ó ní kí n ṣáà má sanra kó tó dọjọ́ náà."