Bí Wọ́n Ṣe Sọ Apẹ̀rẹ̀ Ìyàwó Ọláníhún Lórúkọ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ sún mọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó wú u báyìí, torí mi ò ní í tún un sọ.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdí-Ọsàn. Odi àtijọ́ ṣì yí ìlú náà ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń fò ó báyìí. Níbẹ̀ ni obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mopélọ́lá. Apẹ̀rẹ̀ ló ń hun. Kì í ṣe irú èyí tí a fi ń kó adìyẹ lọ sọ́jà o. Apẹ̀rẹ̀ olómorí ni, tó ní àwọ̀ mẹ́ta, tó mọ́ tónítóní bí ilé ọkọ tuntun. Ọdún méjìlá ló ti ń hun ún ní ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀, àwọn ará ilé náà sì mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀ gan-an: wọ́n ń fi kó ìdọ̀tí.

Nígbà tó yá, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí olú ìlú ìpínlẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Igba apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fẹ́, ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í bá ẹni tí kò forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ṣòwò. Kó mú ìwé ẹ̀rí wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Inú Mopélọ́lá dùn débi pé kò lè jẹun. Orúkọ tó fẹ́ sọ iṣẹ́ náà sì ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti hun ti àkọ́kọ́: Ọwọ́ Mopé. Ọ̀rọ̀ méjì péré.

Ibi tó ti ṣe àṣìṣe ni pé ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọláníhún kì í ṣe èèyàn burúkú. Èèyàn dáadáa ni, irú èèyàn dáadáa tí kì í yí ìhà padà lórí ibùsùn láìkọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ baálé ilé.

Ó ní, "Orúkọ náà dáa, Ìyá Tèmídire. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi tó Bàbá Àdìgún létí. Ṣé o mọ̀ pé a kì í gba ẹ̀yìn àgbà sọmọ lórúkọ."

"Ọkọ mi, apẹ̀rẹ̀ ni. Kì í ṣe ọmọ."

"Ṣé kì í ṣe inú ilé wa yìí ló ti jáde ni?"

Bàbá Àdìgún ni baálé ilé. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, kò sì fọwọ́ kan imọ̀ ọ̀pẹ rí àfi ìgbà tó bá fẹ́ fi lé adìyẹ jáde nínú yàrá. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó mirí. Ó ní orúkọ tí yóò wọ ìwé ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ọjọ́ kẹjọ ni wọn yóò sọ ọ́, pẹ̀lú oyin, iyọ̀, orógbó àti omi tútù. Mopélọ́lá ka iye ọjọ́ tó wà nílẹ̀ fún un lórí ìka. Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, ìjọba tí gbogbo ìlú ti ń dúró dè fún iná mànàmáná láti ọjọ́ yìí, òun náà á lè dúró de àwọn fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kan sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó dé ọrùn kí òtútù má baà mú un. Bàbá Àdìgún ti ìka bọ oyin, ó fi kàn án ní ibi tó rò pé ẹnu rẹ̀ wà. Ó ní, "Orúkọ tèmi fún un ni Àdìgún Àti Àwọn Ọmọ." Wọ́n ní àṣẹ. Ìyá Ọláníhún sún mọ́ ọn, ó ní tòun ni Ìyá Ọkọ Ló Gbà Á Láyè. Pásítọ̀, àbúrò baálé, ní Olúwa Ló Hun Ún. Mopélọ́lá wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tí imọ̀ ọ̀pẹ ti gé ní ibi mẹ́ta lọ́sẹ̀ yẹn. Alhaji Láwàní, tí bàbá òun àti Pásítọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kò lè jókòó kí Pásítọ̀ nìkan gba ọ̀run lọ, ló bá ní tòun ni Alihamdulilahi Alápẹ̀rẹ̀. Àbúrò ọkọ kan tó wà ní Kánò fi fóònù sọ tirẹ̀: Ojú Ti Ọ̀tá. Ó tún lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti dárúkọ àwọn ọ̀tá náà, méjì nínú wọn sì wà níbi ìjókòó.

Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló jáde. Nígbà tó máa fi kan ẹni tó hun apẹ̀rẹ̀, oyin ti tán nínú àwo. Wọ́n ní kò burú, kó kúkú lọ gbé oúnjẹ wá.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbà kí wọ́n yọ tòun kúrò, nítorí orúkọ tí a bá ti fi oyin sọ, ó ti di orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni Mopélọ́lá ṣe kó mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ tó wà nínú ìlú. Akọ̀wé ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣógúnlé, wọ awò ojú rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀.

"Màmá, orúkọ iṣẹ́ ni mo ní kí ẹ kọ. Àwọn olùdìbò àdúgbò yín ni ẹ kọ yìí."

"Orúkọ iṣẹ́ náà nìyẹn, sà. Wọ́n ti fi oyin sọ ọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

Akọ̀wé fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Àyè orúkọ méjì péré ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Ìkíní ni èyí tó wu oníṣẹ́, ìkejì ni èyí tí wọn yóò lò bí ẹlòmíràn bá ti ń jẹ́ ìkíní. Bí orúkọ èèyàn bá sì wà nínú rẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé òun gbà, kó sì mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá.

Mopélọ́lá délé, ó jíṣẹ́. Yéè! Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ìyá Ọláníhún kò bá Alhaji sọ̀rọ̀ mọ́. Pásítọ̀ gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí ìran pé orúkọ tòun ni kí wọ́n mú. Alhaji náà lálàá lóru ọjọ́ kejì, àlá tirẹ̀ sì tako ìran Pásítọ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹfà, Bàbá Àdìgún ní kò sí ohun tó le níbẹ̀, akọ̀wé ni kò mọ̀ wọ́n, kí gbogbo ilé lọ kí i. Èèyàn mọ́kànlá ló wọ ọkọ̀. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ti fi orúkọ kan kún un, ti Àjàó, baba ńlá wọn tó tẹ ilé náà dó.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣógúnlé wo gbogbo wọn yíká. "Ta ni Bàbá Àjàó nínú yín? Kí wọ́n wá fọwọ́ síwèé."

Bàbá Àdìgún ní, "Ó ti kú. Ó ti tó ọgọ́fà ọdún."

"Ẹ kú àtẹ̀yìnwá. Ṣé wọ́n fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀?"

Wọ́n kórí jọ, wọ́n sọ ọ́ títí. Níkẹyìn, Bàbá Àdìgún ní òun lòun jọ ọ́ jù nínú ilé, kí wọ́n ya òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí akọ̀wé ti ń nu awò ojú rẹ̀ ni Ìyá Ọláníhún ti fa fọ́ọ̀mù, kí wọ́n lè kọ tirẹ̀ ṣáájú. Alhaji náà fà á. Fọ́ọ̀mù ya sí méjì. Pásítọ̀ sì ti gbé òǹtẹ̀ ìjọba lọ́wọ́, ó ń gbàdúrà lé e lórí. Ọ̀gbẹ́ni Ṣógúnlé dìde, ó lé wọn síta, ó ní ará ilé náà kan kò ní í tẹ ọ́fíìsì yẹn mọ́ títí òun yóò fi fẹ̀yìn tì. Mopélọ́lá nìkan ló dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Akọ̀wé rọra sọ fún un pé, "Màmá, ẹ̀ka wa kan wà ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò, lẹ́yìn odi. Ẹ lọ síbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má mú ẹnikẹ́ni dání."

Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù. Inú bí Mopélọ́lá lọ́jọ́ náà. Inú bí i sí ọkọ rẹ̀ tí kò lè dákẹ́, ó bí i sí gbogbo wọn, ó sì bí i sí ara rẹ̀ jù lọ, nítorí òun náà ló gbọ́únjẹ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní òun ń lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ. Ó mú àdá dání, ó gba ibi tí odi ti wó kọjá.

Ọmọbìnrin kan ló jókòó ní ọ́fíìsì Ìsàlẹ̀-Ìrókò. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Orúkọ wo ló wù yín?"

Mopélọ́lá wẹ̀yìn kó lè rí ẹni tí ọmọ náà ń bi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Omi lé sí i lójú.

"Ọwọ́ Mopé."

"Ta ni Mopé, mà?"

"Èmi ni."

"Ẹ fọwọ́ síbí."

Ó tán. Ọjọ́ kẹrin, ìwé jáde, ó mú un lọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbéṣẹ́ fún un. Nílé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè bí ọ̀rọ̀ náà ti rí, nítorí wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó ya fọ́ọ̀mù.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ ẹrù kan dúró sójú ilé. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà tó jókòó níwájú ilé.

"Ẹ kúulé o. Mopé ni mò ń wá."

Bàbá Àdìgún ní, "Mopé kẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí."

Ìyá Ọláníhún ní òun mọ gbogbo ilé náà bí ẹní mowó, kò sí Mopé níbẹ̀. Alhaji fi Ọlọ́run búra. Ẹ má bú wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé obìnrin náà wọlé, Ìyàwó ni wọ́n ń pè é, nígbà tó sì bímọ, ó di Ìyá Tèmídire. Ọláníhún nìkan ló rántí orúkọ náà, òun náà sì gbójú sókè, ó ń wo òrùlé bí ẹni tó ń ka ihò.

Awakọ̀ fi ìwé hàn wọ́n, Ọwọ́ Mopé ni wọ́n kọ sórí rẹ̀: igba apẹ̀rẹ̀ ni òun wá kó, òtẹ́ẹ̀lì sì tún fẹ́ igba mìíràn. Bàbá Àdìgún kó ẹnu jọ.

"Ẹ ò rí i bí èèyàn gidi ṣe ń sọ iṣẹ́ lórúkọ? Ọwọ́ Mopé. Ó ṣe ṣókí. Ìyàwó wa níbí náà ń hun apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́tàdínlógún ló lọ kó lé e lórí. Báwo ni ó ṣe fẹ́ rí ṣe?"

Gbogbo wọn káàánú Ìyàwó. Awakọ̀ tọrọ gáfárà, ó padà sínú ọkọ̀, ó ti ṣáná sí i. Ìró ọkọ̀ yìí ni Mopélọ́lá gbọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó sáré jáde tòun ti aró lọ́wọ́.

"Ẹ dúró o! Èmi ni Mopé!"

Ìyá Ọláníhún ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ: "Ìyàwó, ìwọ náà lórúkọ?"

Bàbá Àdìgún ní, "Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ wo? Ta la fi ṣe ẹlẹ́rìí?"

Mopélọ́lá kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò bẹ̀bẹ̀. "Bàbá, bàbá tó bí mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ti apẹ̀rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́, ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò."

Awakọ̀ ti ń kó apẹ̀rẹ̀ sọ́kọ̀. Gbogbo ilé kọjú sí Bàbá Àdìgún. Ó wo apẹ̀rẹ̀ tó ń jáde lọ, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ tí kò bẹ̀bẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ti tẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àgbà, wọn kì í tẹ́ kí wọ́n má rí nǹkan sọ sí i.

Ó wúkọ́. "Ìsàlẹ̀-Ìrókò kò sí nínú odi. Ká ní nínú odi ni, ì bá gbọ́ tọwọ́ mi! Àmọ́ orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi."

Wọ́n ní àṣẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, bí ẹni pé òun ló rán obìnrin náà lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù lọ tán, ebi ń pa Bàbá. Ó ké sí ẹ̀yìnkùlé: "Ìyàwó Ọláníhún!" Mopélọ́lá sì dá a lóhùn pé, "Sà!" Inú igba yàrá ni orúkọ rẹ̀ ń lọ lólú ìlú, àmọ́ nílé, oúnjẹ ni wọ́n ní kó gbé wá.

Nítorí náà, ẹ má bi mí mọ́. Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Ti inú ilé, ẹ lọ bi baálé yín.