Ìran Tí Kì í Ṣe Ìran

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan wà tó jẹ́ pé mo lè gbàgbé orúkọ ara mi kí n tó gbàgbé rẹ̀.

Ṣadé, ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́, ti fi mí sílẹ̀ nígbà náà, ẹ̀bi mi sì ni. Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe. Mo mú un lọ wo ilé kan tí mò ń tẹ́ táìlì sí ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo ní tèmi ni. Onílé wọlé bá wa níbẹ̀.

Látìgbà tí Ṣadé ti lọ ni mo ti ń rí i níbi gbogbo. Lórí afárá Ìyànà Ìpájà, mo fa báàgì obìnrin kan láti ẹ̀yìn, pé òun ni. "Olè!" ló fi dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ mi ló gbà mí.

Màmá mi bá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n tẹ̀lé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Ìkọ̀tún. Ẹ wo ibi tí wọ́n mú irú mi lọ: bí ogójì obìnrin, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun, fìlà funfun lórí, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀. Ogójì Ṣadé!

Àdúrà gbóná, mo lajú, mo rí ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo: "Mo rí i o! Ó ti ń padà bọ̀!"

Wọ́n ní ẹni tó ń kọ ìran sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Kí n tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ tì mí, ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ máa wí, bùrọ̀dá. Báwo ló ṣe rí?"

Èmi tórí mi ti dàrú, mo ní, "Ó ti rù díẹ̀, ó sì ń sunkún."

Ó kà á sókè. Ìyá kan fò dìde: "Tósìn ọmọ mi ni! Ọmọ mi ń bọ̀ wálé!" Ìjà òun àti ìyá ẹ̀ ló lé ọmọ náà kúrò nílé. Wọ́n sì ti júwe ilé kan fún ìyá yìí ní Àgbàdo, pé ibẹ̀ lọmọ náà ń gbé, ọjọ́ kejì ló fẹ́ lọ wò ó. "Mi ò lọ mọ́ jàre," ó ní. "Ilé ni màá ti dúró dè é."

Wọ́n ti gbé mi sórí àga iwájú, wọ́n ń pè mí ní wòlíì. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo wo ìyá yẹn, mo ronú bó ṣe máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí, tẹ́nì kankan ò ní wá. Mo dìde.

"Ẹ forí jì mí, mà. Kì í ṣe ìran. Ọmọbìnrin tó kọ̀ mí sílẹ̀ ni mo rò pé mo rí."

Màmá mi fọwọ́ bojú. Akọ̀wé ní, "Háà! Bíírò ni mo fi kọ ọ́ ṣá o!" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, àfi ìyá Tósìn. Ó nàka sí mi:

"O ò bá pa mí, ọmọ yìí. Ìwọ lo máa sìn mí lọ sí Àgbàdo lọ́la."

A lọ. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn, ìyá náà dúró lẹ́yìn mi. Tósìn fúnra ẹ̀ ló ṣí i. Ó rí ìyá ẹ̀, ó ní, "Ẹ wọlé, màmi."

Orí mi wú níta níbẹ̀, kò kéré. Irọ́ ti fún mi ní àga iwájú, èmi sì dìde kúrò lórí ẹ̀! Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ẹni tọ́kàn ẹni ń fà sí, ilé ẹ̀ ló yẹ kéèyàn lọ, kó sì mú òótọ́ dání.

Mo lọ bá Ṣadé náà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun ò padà. Ó dùn mí dọ́kàn. Bí mo ṣe ń padà sílé, oríṣiríṣi obìnrin ń kọjá lára mi, kò sí èyí tó jọ ọ́ mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín lójú títì, èmi nìkan, àwọn èèyàn sì ń yà fún mi.