Awọ́nríwọ́n Tí Tíṣà Tọ́jú

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ wa ní Agbowó lánàá, awọ́nríwọ́n ló fà á. Akínbíyìí, fọkanáísà ọ̀nà Bódìjà, ló pe Ìyáàfin Moróunkẹ́ lẹ́jọ́, tíṣà báyọ́lọ́jì tó fẹ̀yìn tì ní 1983.

"Baba, mo mú awọ́nríwọ́n kan létí odò," Akínbíyìí bẹ̀rẹ̀. "Eégbọn bò ó débi pé ojú ẹ̀ ò là mọ́. Ó ti rù kan eegun. Mo gbé e lọ bá Tíṣà, mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ẹ̀. Àwọn àna mi ń bọ̀ láti Ṣakí lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti ṣèlérí ẹran ìgbẹ́ fún wọn. Ìgbà tí mo padà débẹ̀, àpótí òfìfo ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́!"

Baálẹ̀ yíjú sí Tíṣà. "Níbo lẹran wà?"

"Baba, aláìsàn ni, kì í ṣe ẹran. Ara ẹ̀ yá, mo ní kó máa lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Odò."

"Mo ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ ni!" Akínbíyìí pariwo.

"Mo sì tọ́jú ẹ̀. Akínbíyìí fẹ́ da kẹrosíìnì sí i lára, mo ní rárá. Irin kékeré tí mo fi ń fa irun àgbọ̀n mi ni mo fi yọ eégbọn náà níkọ̀ọ̀kan. Mo dì wọ́n mú níbi tí ẹnu wọn ti wọ awọ, mo fà wọ́n jáde láìtẹ̀ wọ́n níkùn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Mo fi omi iyọ̀ fọ ojú egbò, mo ń fún un lómi àti ẹyin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi ìrù nà mí. Inú mi dùn gan-an."

"Tọ́jú tí mo wí, kí wọ́n fi í pa mọ́ fún mi ni!"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n pe Àmúdàtù, ayálégbé Tíṣà, kó wá jẹ́rìí.

"Mi ò rí awọ́nríwọ́n kankan nínú ilé náà," ó ní.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Baba. Ìgbà tó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi gan-an, ńṣe ni mo dijú. Ó sì jẹ ẹyin mi mẹ́fà."

"Mẹ́rin ni," Tíṣà ní.

"Mẹ́fà ni. Èmi ni mo jẹ méjì, àmọ́ ẹ̀rù ló jẹ́ kí n jẹ ẹ́."

Tíṣà fa ìgò kan yọ. "Eégbọn tí mo yọ nìyí, Baba. Mọ́kàndínláàádọ́rin."

Gbogbo olóyè ìgbìmọ̀ Baálẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sórí àga.

"Ṣé wọ́n ti kú?" olóyè kan bèèrè.

"Púpọ̀ nínú wọn."

Olóyè méjì rántí pé àwọn ní ìpàdé ní Dùgbẹ̀.

Baálẹ̀ ò mira. "Akínbíyìí, nígbà tó ń ṣàìsàn, ṣé o lọ wò ó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, Baba. Mo tẹ̀ ẹ́ níkùn, kí n mọ̀ bóyá ó ti sanra."

"Kí ló ṣe?"

"Ó wò mí. Ojú ẹ̀ ti là nígbà yẹn."

Baálẹ̀ dájọ́. "Ìwọ lo gbé aláìsàn lọ fún ìtọ́jú. Nínú ààfin yìí, ìwọ ni mọ̀lẹ́bí ẹ̀, mọ̀lẹ́bí ò sì gbọdọ̀ se aláìsàn lọ́bẹ̀. Tíṣà, ẹ̀yin náà jẹ̀bi, ẹ ní kó máa lọ láìsọ fún mọ̀lẹ́bí. Kí ẹ̀yin méjèèjì máa lọ sétí odò ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ wò ó bóyá eégbọn tún ti bò ó."

"Baba, tó bá sá fún wa ńkọ́?" Akínbíyìí bèèrè.

"Tó bá lágbára àtisá, ara ẹ̀ le nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ máa bọ̀ nílé."