Ìka Márùn-ún Tí Bonaventure Nà sí Àna Màrúfátù

Ẹjọ́ tó dé ààfin Sakété lánàá, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò, nítorí èmi tí mo jókòó síbẹ̀ ò tíì mọ ẹni tó jàre.

Màrúfátù aláṣọ ló pẹjọ́. Bonaventure, akọ̀wé tó jogún pápá tẹníìsì lọ́wọ́ àwọn Faransé tó kó ẹrù wọn lọ níjọ́sí, ló pè lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, ìka márùn-ún ló nà sí àwọn àna mi!"

Ọba, tó ti ń tòògbé, lajú. "Ìka márùn-ún?"

"Gbangba! Wọ́n ti Àjàṣẹ́ wá tọrọ Ràúdátù ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mèsìé akọ̀wé yìí dúró níwájú ìsọ̀ mi, ó na apá gbọọrọ, ó na ìka márààrún sí wọn lójú. Bàbá ọkọ ní, 'Ìyá mi lẹ bú yẹn?' Wọ́n padà sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Ọmọ mi ò jẹun láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀!"

Ọba yíjú sí Bonaventure. "Kí ni àwọn ará Àjàṣẹ́ fi ṣe ọ́?"

"Pàdọ́ọ̀n, Kábíyèsí, n ò tilẹ̀ rí wọn. Ìgbọ̀nwọ́ mi ni mò ń tọ́jú. Tẹníìsì ló bà á jẹ́. Bí mo bá gbé ife omi lásán, màá ké."

"Ìgbọ̀nwọ́ ń dùn ọ́, ìka lo wá ń nà?"

"Iṣan kan náà ni, Kábíyèsí."

"Irọ́!" ni Màrúfátù wí. "Àwọn àgbẹ̀ Aguidi ń ro oko láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni wọ́n na ìka sí?"

Wọ́n pe Súbérù aránṣọ, ẹlẹ́rìí Màrúfátù.

"Mo rí i kedere. Ìka mẹ́rin ni."

"Márùn-ún ni, Súbérù!"

"Ó lè jẹ́ mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ mi ni mò ń wò."

Ló bá kan Félicité, tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn.

"Èmi ni mo kọ́ Bonaventure ní ìtọ́jú náà. Na apá síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síta, fi ọwọ́ kejì rọra fa ìka sẹ́yìn, ka oókan dé ọgbọ̀n. Ìyẹn kì í ṣe èébú."

Kó tó wí tán, Ọba ti ń dán an wò. Àwọn ìjòyè tó wà níwájú rẹ̀ dojú bolẹ̀. Olóyè Ṣóbándé kígbe pé, "Kábíyèsí, kí ni mo ṣe?"

"Dákẹ́, mo ṣì wà ní méjìlá." Ó kà á dé ọgbọ̀n. "Háà! Ó mà dùn o."

"Ṣé ó dùn yín ni, àbí ó dùn mọ́ yín?" ni Félicité bi í.

"Méjèèjì." Ọba tún jókòó dáadáa, ó dá ẹjọ́. "Wọ́n bú àna Màrúfátù lóòótọ́. Bonaventure ò sì bú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, Bonaventure, gbé rakẹ́ẹ̀tì rẹ, Àjàṣẹ́ lò ń lọ lọ́la. Wàá máa bá ọkọ ìyàwó gbá tẹníìsì lójoojúmọ́ títí ìgbọ̀nwọ́ òun náà yóò fi dá a lóró. Ọjọ́ tó bá na ìka márùn-ún sí bàbá ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yé wọn, wọn á wá gbé Ràúdátù."

Inú Màrúfátù dùn dé ọrùn. Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Félicité ò jẹ́ ká gbádùn ẹ̀. "Kábíyèsí, bí ọmọkùnrin náà bá ń na apá kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ìgbọ̀nwọ́ ò ní dùn ún rárá."

Ọba ranjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀ṣọ́, ẹ ti obìnrin yìí mọ́lé! Kò gbọdọ̀ kúrò ní Sakété títí wọn yóò fi gbé ìyàwó."