Dùńdú Tó Da Ìdánwò Áàpù Rú

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ Ògúndèjì ní Ṣakí lánàá, dùńdú ló dá a sílẹ̀. Mojeed ṣe áàpù tí èèyàn yóò fi máa pe ọ̀kadà lórí fóònù. Kọ́láwọlé náà ṣe tiẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ní ẹyọ kan làwọn máa lò, kí aráàlú dán méjèèjì wò, èyí tó bá rọrùn jù ni káwọn mú. Ojúde ilé Kọ́láwọlé ni wọ́n ti dán wọn wò. Áàpù Mojeed fìdí rẹmi, ló bá gba ààfin lọ.

"Kábíyèsí, ó rẹ́ mi jẹ! Àwọn tó fẹ́ dán tèmi wò, dùńdú ló kọ́kọ́ fún wọn jẹ. Òróró bo gbogbo ìka wọn. Ẹni tó ń lọ sọ́jà tẹ ìlú Tẹ̀dé!"

Baálẹ̀ kọjú sí Kọ́láwọlé. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Kábíyèsí, àlejò ni wọ́n. Ṣé kí n febi pa àlejò ni?"

"Àwọn tó dán tìrẹ wò ńkọ́?"

"Ààwẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń gbà."

Ìjòyè kan pariwo: "Sátidé lẹ ṣe ìdánwò yẹn!"

"Wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ni, bàbá."

Wọ́n pe Misturat tó ń ránṣọ, torí ó wà lára àwọn tó dán ti Mojeed wò.

"Mi ò fẹnu kan dùńdú kankan, Kábíyèsí. Òógùn ló jẹ́ kí ọwọ́ mi máa yọ̀."

Baálẹ̀ gbé fóònù tí wọ́n fi dán ti Mojeed wò sókè. "Òógùn rẹ ló ní ata?"

Ìdòwú ọlọ́kadà dìde láti gba Misturat sílẹ̀.

"Kábíyèsí, kò sí dùńdú níbẹ̀ rárá. Iyọ̀ ẹ̀ gan-an ò pọ̀ jù."

Ààfin dà rú fún ẹ̀rín. Baálẹ̀ ní kí wọ́n nu fóònù méjèèjì tí wọ́n fi ṣe ìdánwò, ó sì kó wọn fún Ìyá Àwáwù, àgbà obìnrin tó ń gbin iṣu lọ́nà Tẹ̀dé, tó wá kí i.

"Ẹ bá mi fi wọ́n pe ọ̀kadà, mà."

Ìyá tẹ ti Kọ́láwọlé. Fóònù ya fọ́tò imú wọn. Wọ́n tẹ ti Mojeed.

"Ó ń béèrè orúkọ ìyá tó bí mi! Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Kó lè dá yín mọ̀ ni, mà," Mojeed fèsì.

Ìyá ju fóònù sílẹ̀, wọ́n bọ́ síta, wọ́n figbe ta: "Ọ̀kadà!" Mẹ́ta dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Baálẹ̀ dájọ́: "Ẹnu Ìyá Àwáwù ló gba ipò kìíní. Mojeed, Kọ́láwọlé, ẹ ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà mọ́. Ẹsẹ̀ lẹ ó máa fi tẹ̀ lé ìyá lọ sóko, kẹ́ ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù, kẹ́ ẹ sì máa tún áàpù yín ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi áàpù yín pe ọ̀kadà láìbínú, ẹ ó gùn."

Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Àwáwù ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà.

"Kábíyèsí, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ ní kí wọ́n mú ọkọ́ dání."