Omi Tí Ẹyẹ Kò Mu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílẹ̀ yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, bí ẹyẹ àjèjì bá bà sílùú, ká kọ́kọ́ da omi inú àwo nù ká tó kí i káàbọ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Ó dáa, n ó sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà máa ń bà mí nínú jẹ́.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdí-Ọ̀mọ̀. Àṣà wọn ni pé omi tí wọ́n bá ti gbé fún àlejò, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dà á nù àfi tí àlejò bá mu nínú rẹ̀. Àṣà rere ni, títí di ọjọ́ tí ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, irú èyí tí wọn ò rí rí lágbègbè yẹn, bà sórí òrùlé ilé ẹṣin ọba.

Àlàmú ló ń tọ́jú ẹṣin náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ọba ló ni ẹṣin lórúkọ, ṣùgbọ́n Àlàmú ni ẹṣin mọ̀.

Ọ̀túnba Fádáhùnsi, tí àṣà ìlú wà níkàáwọ́ rẹ̀, ní kí wọ́n gbé omi fún àlejò. Wọ́n gbé igbá omi kalẹ̀. Ẹyẹ wò ó, ó yíjú.

"Igbá yẹn ti kéré jù," ni Ọ̀túnba wí. "Ṣé bí a ṣe ń ṣe àlejò nìyẹn?"

Wọ́n gbé abọ́ ńlá wá, ẹyẹ ò mu. Ọ̀túnba ní bóyá ọwọ́ tó gbé e wá ni ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí agboolé kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ wá. Kò pẹ́ tí omi fi yí ilé ẹṣin ká, tí ẹyẹ sì ń lọ mu tirẹ̀ lódò. Tanwíjí wá kún inú àwo.

"Ẹ ò rí i?" Inú Ọ̀túnba dùn. "Omi àlejò ti ń bímọ!"

Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n hu ìyẹ́, wọ́n di ẹ̀fọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ onílé.

Dókítà ẹranko kan, Tinúadé, tó máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹyẹ tó ṣìnà wò, gbọ́ nípa ẹyẹ yìí. Ó wá, ó fi àwọ̀n mú un, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀. Nígbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò tán tó padà dé, ojú rẹ̀ ò dán rárá.

"Ọ̀túnba, àrùn kan wà lára ẹyẹ yìí tí a ò rí rí níbí. Ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló máa gbé e fún ẹlòmíì. Ó sì ń pa ẹṣin."

Àwọn ará ìlú ní kí wọ́n pa ẹyẹ.

"Ẹ fi ẹyẹ sílẹ̀," ni dókítà wí. "Ẹ da omi yìí nù!"

Àlàmú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọ̀túnba, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n dà á nù. Ẹṣin yìí nìkan ló kù mí kù láyé."

"Àlejò ò tíì mu, Àlàmú. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní ahun ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹyẹ ti fò lọ. Àlàmú sáré gbé abọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀túnba dì í lápá mú.

"Dúró! Àlejò tó lọ láìmumi, ó ń padà bọ̀ nìyẹn. Omi ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ dè é."

Ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń rìn bí ọ̀mùtí, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Àlàmú gbé orí rẹ̀ lé itan títí tó fi kú, ó sì sunkún bí ẹni tí ọmọ kú fún. Ìgbà yẹn ni ìlú tó wá da omi nù. Kí ló kù tí wọ́n ń dáàbò bò? Inú máa ń bí mi tí mo bá débẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, Ọ̀túnba ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ ti bo orí àti ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú korobá, kò bá omi níbẹ̀.

"Ta ló da omi mi nù?"

"Èmi ni, Ọ̀túnba," ni Àlàmú dáhùn. "Ẹyẹ àjèjì bà sílùú."

Ọ̀túnba la ẹnu láti bú u. Ó fi ìka nu ojú kan, ó sì rí Àlàmú lórí ìdúró, tó ká okùn ẹṣin mọ́ ọwọ́, tí kò sí ẹṣin nídìí okùn. Ó dúró níhòòhò, ọṣẹ ń gbẹ mọ́ ọn lára.

"O ṣeun, Àlàmú," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí ẹyẹ àjèjì bá bà sílùú, ká kọ́kọ́ da omi inú àwo nù ká tó kí i káàbọ̀."