Ọ̀rọ̀ Àṣírí Pọ́ǹpù Arómiwẹ̀, Tí Gbogbo Yín Máa Gbọ́, Tẹ́nikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Mọ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ru garawa, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ o! Òfìfo ni, kò sóhun tó máa dà nínú ẹ̀.

Kábíyèsí kí yín. Àwọn olóyè kí yín. Èmi Ògúndìran akéde náà kí yín, àmọ́ inú mi ò dùn láàárọ̀ yìí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí ẹ̀ kí n tó kúrò níbí.

Ẹ ṣáà mọ ìkànnì tí ìlú ṣe sórí ayélujára, èyí tó ń pín omi pọ́ǹpù wa. Láràárọ̀ tó bá jí, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó ṣí omi: ọ̀rọ̀ àṣírí pọ́ǹpù, àti ilé tí omi máa kọ́kọ́ lọ. Fákúnlé tó kọ ìkànnì náà ti kọ ìdáhùn méjèèjì sínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó kan kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti tú inú ẹ̀ wò ló ń rí i. Tí a bá sì fẹ́ pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo, àfi kí wọ́n wó ìkànnì palẹ̀ kí wọ́n tún un kọ́, kí gbogbo wa sì máa sáré lọ sódò.

Fákúnlé wá lọ bá àwọn olóyè. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun yọ ìdáhùn kúrò nínú ìkànnì. Kí ìkànnì máa béèrè nígbà tó bá jí, kí ẹni tó yẹ kó mọ̀ máa dá a lóhùn láti ìta, ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn olóyè mi orí. Wọ́n wá jókòó rò ó, ta ni yóò máa sọ ìdáhùn? Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà! Àṣà wa kúkú ni pé ọ̀rọ̀ ò tíì di ọ̀rọ̀ ní Arómiwẹ̀ títí akéde á fi ké e lẹ́ẹ̀mẹta níta gbangba. Bí wọ́n ṣe ní kí n máa fi agogo ké ọ̀rọ̀ àṣírí nìyẹn. Fákúnlé pariwo títí ohùn ẹ̀ fi há. Wọ́n ní ó rí àgbà fín, wọ́n gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nítorí náà, àṣẹ dé! Àṣẹ dé o!

Àṣẹ kìíní. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sínú ìkànnì mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́, ṣíbí ni yóò fi pọn omi odò kún ìkòkò ààfin. Mo ní ṣíbí!

Àṣẹ kejì. Akéde yóò ké ọ̀rọ̀ náà láràárọ̀. Akọ̀wé ààfin yóò gbọ́ ọ, yóò sì fi fóònù ẹ̀ dá ìkànnì lóhùn. Ẹ̀yin yòókù, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ṣì rántí ẹ̀ di ọ̀sán, garawa ẹ̀ di ti ìlú. Akọ̀wé ṣì ń sùn o. Mo gbọ́ bó ṣe ń hanrun nígbà tí mo kọjá.

Àṣẹ kẹta. Fákúnlé ní kí ìkànnì kan wà fún ìdánwò, kí ọ̀kan wà fún omi gidi, kí ìdáhùn wọn yàtọ̀ síra. Àwọn olóyè ní ìyẹn ìwà ẹlẹ́nu méjì ni. Tí wọ́n bá fẹ́ dán nǹkan wò, kí gbogbo ìlú jọ wà nínú ìdánwò náà. Ẹni tí omi bá dá mọ́ lára pẹ̀lú ọṣẹ lójú, sùúrù ni kó ní.

Àṣẹ kẹrin, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Tí ìkànnì bá béèrè tí kò rí ìdáhùn, kò gbọdọ̀ sọ pé òun ò rí i. Kó ṣe bí ẹni tó mọ̀. Kó gbé omi lọ sínú adágún ẹja Olóyè Jagun. Ibẹ̀ náà ló kúkú ń kọ́kọ́ gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, Nọ́ọ̀sì Mọ́rẹ́nikẹ́ sì ń fi píọ̀ wọ́tà wẹ ọmọ tuntun nílé ìgbẹ̀bí Òkè Àgbède. Ojú ò tì wá.

Àṣẹ karùn-ún wà lẹ́nu Olóyè Jagun. Òun náà ń sùn.

Ìyùnadé ọmọ mi ń rọbí nílé ìgbẹ̀bí yẹn láti àná. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Ìdí tínú mi ò fi dùn nìyẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí tòní ni Ẹjaògbọdọ̀kú. Mo tún un ké: Ẹjaògbọdọ̀kú! Ẹ̀ẹ̀kẹta, n ó rọra pè é nítorí àwọn tétí wọn wúwo: Ẹja. Ò gbọdọ̀. Kú. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ má fi àyè sí i.

Ìkànnì ti jí báyìí, ó ń béèrè lójú fóònù ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i. Àṣẹ kìíní ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́ sínú ìkànnì. Àṣẹ kejì ní kẹ́ ẹ má rántí ẹ̀ di ọ̀sán. Mo wo àṣẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwá sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ni tí wọ́n bi léèrè má dáhùn láàárọ̀. Tó bá sì béèrè ilé tí omi máa kọ́kọ́ lọ, Ilé Ìgbẹ̀bí ni wọ́n ń kọ ọ́. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Mo ti jíṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó lọ bínú sí ẹni tó rán mi.

Ẹ dákẹ́ ná. Páìpù Òkè Àgbède ń wúkọ́.

Ẹ gbé garawa yín o.